Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Òkun Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí mi pé afẹ́fẹ́ òkun dára fún ọmọdé, màá bi í bóyá ó ti mú ọmọ ọdún mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Èmi ti mú un wọ̀ ọ́. Mo ti dàgbà báyìí, ó sì yẹ kí inú tó bí mi nígbà náà ti rọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó bóyá mo jẹ̀bi.

Ọmọ Òjé ni mí, n'Íbàdàn. Òwú ni ìyá mi ń ran, tó ń tà fún àwọn ahunṣọ. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ Oníyanrìn, káfíńtà ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kiri, wọ́n wá káfíńtà lọ sí Sẹ̀kọ́ńdì nílẹ̀ Gólúkóòsì, ọkọ mi sì wà lára àwọn tó lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ló ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé n ó lo ọdún kan níbẹ̀, ó pọ̀ jù ọdún méjì, kí n padà sílé. Ó di ọdún karùn-ún kí n tó tún fojú kan Òkè Màpó.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ní Sẹ̀kọ́ńdì ni ìkíni. N'Íbàdàn, bí mo bá jáde láti Òjé tí mo ń lọ sí Ọjà'ba, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ nígbà ogún kí n tó débẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo dé Sẹ̀kọ́ńdì, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá náà wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tú iyanrìn. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ kí n lè sọ fún un pé kò sóhun tó sọnù, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà níbẹ̀, àwa méjèèjì, tí à ń wá ohun tí kò sí. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun náà. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọkọ mi á jáde kílẹ̀ tó mọ́, ó di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìyálé, kò sí aya ọbàkan, kò sí ọmọ ilé tó máa bú ni kí èèyàn rí i bú padà. Ẹ̀wà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá rẹ ẹ́ sómi tí mò ń bó o, n ó máa bá a ṣàròyé bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn. Fún oṣù méjì, àwọn Yorùbá bíi tiwa nìkan ló ń rà á. Àwọn ará ìlú á kọjá, wọ́n á ní, "Aláta," wọ́n á rẹ́rìn-ín. Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo wa, àfi bíi pé kò sí Yorùbá kan tó níṣẹ́ mìíràn láyé ju kó ta ata lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá ẹlẹ́ja ọjọ́sí dúró lọ́dọ̀ mi, ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ó sì nawọ́ sí òmíràn. Láti ọjọ́ náà lọ, kí oòrùn tó mú, àkàrà mi á ti tán. Kò sí ìyá mi nítòsí tí n ó sọ fún, ṣùgbọ́n mo yan délé lọ́jọ́ náà bí ìyàwó Baálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo bí Àkànní sí. Ìyá mi ló fi lẹ́tà fi oríkì náà ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà fúnra yín kò lè mọ ìyà tó wà nínú lẹ́tà tí à ń bẹ ẹlòmíràn kọ. Akọ̀wé kan wà lábẹ́ igi ní Sẹ̀kọ́ńdì tó ń báni kọ ọ́. Bí mo bá ní, "Sọ fún ìyá mi pé ara mi le, àárò rẹ̀ ń sọ mí," á kọ ojú ewé méjì tó kún fún "pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá" àti "ọlá yín." N'Íbàdàn, tíṣà kan ní Bẹẹrẹ ni yóò kà á fún ìyá mi, òun náà ni yóò sì kọ èsì. Ìyá mi á ní, "Ṣé àkàrà ọ̀ún ń tà?" Tíṣà á kọ ọ́ pé, "A gbọ́ ìròyìn nípa òwò yín, inú wa sì dùn jọjọ." Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá mi láìgbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ jáde. Bóyá tíṣà ń kánjú lọ́jọ́ náà ni, bóyá ìyá mi ló fòté lé e pé kó má fi nǹkan kan kún un. Lẹ́tà náà kúrú. Ó ní: "Ojú mi ń ṣú. Mo ń rí èèyàn tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí imú mi ò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiẹ̀, mi ò mọ bójú ẹ̀ ṣe rí. Mi ò bèèrè aṣọ. Gbé ọmọ náà wá kí n rí i kó tó ṣú tán."

Mo gbé lẹ́tà náà dìde, mo gbé e jókòó. Mo sọ fún ọkọ mi pé a ń lọ sílé. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí a bá yọ ọjọ́ tí a ó lò lójú ọ̀nà ní àlọ àti àbọ̀ kúrò, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo kọ̀wé sí ìyá mi: "Ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá. Ẹ ó wò ó títí yóò fi sú yín."

Ibi tí ọkọ mi ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni wíwá ọkọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló sọ fún un pé bí àwọn ṣe ń ṣe nílẹ̀ àwọn ni pé wọn a máa mú ìyàwó àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi láìní ibi pàtó tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n kàn máa gbafẹ́fẹ́ káàkiri, kí ara ọmọ lè dá ṣáṣá. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ mi lára. Ọkọ̀ kan wà tó ń lọ tààrà. Ó fi í sílẹ̀, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì èyí tó ń yà ní gbogbo èbúté.

Mo ní, "Bàbá Àkànní, ṣé afẹ́fẹ́ ni ìyá mi ní kí n gbé wá ni?"

Ó ní, "Ọjọ́ méjì péré ló fi lé sí ti ìyẹn, mo sì ti kà á mọ́ ọjọ́ ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, iná àkàrà lo ń fẹ́. Jẹ́ kí n fún ọ ní fàájì díẹ̀."

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó tọ́jú owó náà fún mi ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè bá a jà tó bó ṣe yẹ.

Ìdààmú bẹ̀rẹ̀ láti ibi wíwọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ etí ilẹ̀ ní Sẹ̀kọ́ńdì. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń wa èèyàn lọ bá a lójú agbami, wọ́n á wá kó wa sínú àpótí igi kan, wọ́n á fi okùn fà á sókè bí ẹni ń fami. Mo di Àkànní mú, mo ń ké "Lá ìláhà" títí a fi dórí ọkọ̀. Àkànní ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n kó àwa dúdú sí, lábẹ́ aṣọ tó nípọn tí wọ́n ta bí àtíbàbà. Àwọn òyìnbó wà níwájú, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ. Ọkọ mi fi wọ́n hàn mí. "Ṣó o rí i? Fàájì nìyẹn." Ní àsìkò tó ń sọ bẹ́ẹ̀, mò ń sáré lé ọmọ. Ọjọ́ kìíní, Àkànní ju fìlà bàbá rẹ̀ sínú òkun kó lè mọ̀ bóyá yóò léfòó. Ọjọ́ kejì, ó ju bàtà mi kan. Ìrẹsì tí wọ́n ń fún wa, kò jẹ ẹ́. Kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Sẹ̀kọ́ńdì, ló ń bèèrè, níbi tí kò ti sí àgbàdo kan. Èyí tó bá sì jẹ, á bì í sí mi lára. Nígbẹ̀yìn mo fi ọ̀já so ìbàdí rẹ̀ mọ́ tèmi. Bó bá fà, màá tẹ̀lé e. Bí èmi àti ọmọ mi ṣe gbafẹ́fẹ́ nìyẹn.

Obìnrin Ẹ̀gbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àgbàlagbà oníṣòwò tó ti ń gba ọ̀nà òkun láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Ìyá Ẹ̀gbá la máa ń pè é. Ó wo èmi àti ọ̀já mi títí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ tà l'Ékòó ni?"

Mo ní, "Ẹ bá mi dì í mú kí n sinmi díẹ̀, Ìyá."

Ó ní, "Háà, rárá o. Tèmi ti dàgbà, mo ti bọ́ nínú ẹ̀." Ó sì fi ìborùn bojú, ó sùn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n kí. Àárín àwọn tí kì í dọ̀bálẹ̀ ló gbé dàgbà, ojú ló sì máa ń tì mí bí mo bá rò ó pé yóò dé Òjé kó dúró ṣánṣán níwájú àgbà bí òpó. Nítorí náà, mo sọ ọkọ̀ di ilé ìwé. Láràárọ̀ ni mò ń kọ́ ọ. "Àkànní, bó o bá rí àgbà, kí lo máa ṣe?" Á nà gbalaja. "O ò gbọdọ̀ dìde o, àfi bí àgbà bá dá ọ lóhùn." Bí Ìyá Ẹ̀gbá bá jí, á dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ẹ̀gbá á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi," á dìde. Nígbà tí a fi máa sún mọ́ Èkó, ó ti mọ̀ ọ́n tóbẹ́ẹ̀ tí inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìrìn àjò náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó dé Èkó, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tò. Wọ́n ní àìsàn kan wà ní èbúté kan tí a ti yà, dókítà inú ọkọ̀ yóò sì wo ojú oníkálukú kó tó jáde. Ẹrù wa ti lọ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn wọ Èkó. Oòrùn mú. Àkànní ti bì lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ara rẹ̀ sì gbóná nítorí pé a ti pẹ́ lórí ìdúró. Dókítà náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́ ni, èèyàn á mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tó dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Mi ò tiẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ tí Àkànní fi nà gbalaja níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ lórí pákó, àgbọ̀n rẹ̀ lórí pákó. Mo wo ẹ̀yìn bóyá Ìyá Ẹ̀gbá ń rí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Dókítà sọ nǹkan kan. Àkànní kò mira. Dókítà tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ le sí i. Àkànní kò dìde, nítorí pé èyí kì í ṣe ìdáhùn tí mo kọ́ ọ. Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó rí èébì lára ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Ọkọ mi, tó gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ní, "Ó ń kí yín ni, sà."

"Kí ló dé tí kò lè dìde?"

"Ẹ ò tíì dá a lóhùn ni, sà."

Dókítà wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wèrè. Ó mú bébà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ọkọ mi rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Èdè òyìnbó pa rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lòun náà bá ṣe ohun tí ọmọ Oníyanrìn máa ń ṣe bó bá fẹ́ bẹ ẹni tó ní agbára lórí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Dókítà fò sẹ́yìn. Àwọn méjì ló wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ báyìí. Ó pariwo, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sáré dé, wọ́n tì wá sí igun kan lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì ta aṣọ yí wa ká.

Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo Èkó. Mo rí igi àgbọn létí òkun, mo rí omi tó ń ru funfun níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Mo rí Ìyá Ẹ̀gbá tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àpótí igi, tó ń mi orí. Ọkọ̀ kékeré náà kúrò, ó gbé ẹrù wa lọ sí Èkó, ó sì fi àwa sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ ńlá dún, a sì kọjú sí ìlà oòrùn. Mo ké títí ohùn mi fi há. Mo ní kí wọ́n sọ mí sínú omi, màá wẹ̀ débẹ̀. Mi ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko kí ọkọ̀ náà tó padà sí Èkó. A yà sí èbúté tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, a wọ odò tí igi rẹ̀ ń ti inú omi hu, òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru, wọ́n ń kó àgbá epo wọnú ọkọ̀. A dé erékùṣù kan tí òkè ńlá wà nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n jẹ́ kí a fẹsẹ̀ tẹ̀. Pákó gígùn ni wọ́n fi ń ti àwo ìrẹsì wa wọlé lábẹ́ aṣọ.

Ọkọ mi fẹ́ tù mí nínú. Ó yọjú láàárín aṣọ, ó ní, "Wá wo ẹja tó ń fò! Wá wò ó, bíi mẹ́wàá ni!"

Mo ní, "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ẹja."

"Mo kàn ní kí o..."

"Ìyá mi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti ìjẹrin. Ojú ìyá mi ń ṣú. Ẹ̀yin ń fi ẹja hàn mí!"

Ó fa orí rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ pé kó má dìde."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ta ló kọ́ yín?"

Mo kẹ̀yìn sí i títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Láràárọ̀ ni dókítà náà ń wá. Á fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú Àkànní wálẹ̀, á gbé ojú rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n sún mọ́ ojú ọmọ títí imú wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, á máa wo inú ẹyinjú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, Àkànní dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì gbá a nídìí. Ọjọ́ kejì, ó sunkún. Láti ọjọ́ kẹta lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ojú sún mọ́ ọn, títí kan èmi tí mo bí i, á figbe ta, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá mọ́ o. Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà náà fúnra rẹ̀ sọ fún ọkọ mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ. Ọkọ mi ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà, sà." Dókítà ní ọkọ̀ kì í tìtorí ènìyàn mẹ́ta yí padà, àti pé ìwé tí òun ti kọ, òun ti kọ ọ́.

Nígbà tí a dé Èkó lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí a rí ẹrù wa gbà, tí ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣèlérí ti di ọjọ́ mẹ́ta.

Ó yẹ kí n sọ pé inú mi dùn nígbà tí mo rí Òkè Màpó. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí a gba Bẹẹrẹ kọjá, mo rí obìnrin kan tí a jọ ń ta òwú nígbà èwe, mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá náà sì bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta ni ará Gólúkóòsì yìí?" Mo wo ara mi. Aṣọ tí mo ró, bí mo ṣe ró o, bí mo ṣe so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ti Sẹ̀kọ́ńdì ni gbogbo rẹ̀. Lọ́hùn-ún, Aláta ni mí. Nílé, ará Gólúkóòsì. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti máa ń pe irú èmi yìí ní orúkọ mi.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ṣé o ti dé náà nù-un?"

"A ti dé, Ìyá."

"Níbo lọmọ ọ̀ún wà?"

Àkànní wà lábẹ́ ìró mi. Mo fà á jáde. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí kò sí bó ṣe lè rí i bí kò sún mọ́ ọn. Igbe tí ọmọ náà ké, gbogbo agbo ilé ló jáde. Ó bo ojú, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ìyá mi, ó sá lọ sábẹ́ àká.

Ìyá mi ní, "Kí ni mo fi ṣe é?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Bí ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe lọ nìyẹn. Mo fi èkuru tàn án, mo fi ìyá mi pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kó lè yọ sí i. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo pe ìyá mi wá. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣókùnkùn fún un, bí a sì ṣe gbé ọmọ síta sínú ìmọ́lẹ̀, ó jí, ó figbe ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fẹ́ fi tipátipá gbé ojú rẹ̀ sókè.

Ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Mọ́ fipá mú un. Bí mo bá wò ó báyìí, ẹkún ni n ó rí, mi ò níí rí òun."

"Ìyá, ọ̀la la ń lọ."

"Mo mọ̀. Ìwọ kọ́ lo wa ọkọ̀ ojú omi."

Ó wọlé. Mo tú ọwọ́ ọmọ sílẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ mi ti di ẹrù. Ó ti dọ̀bálẹ̀ dágbére fún ìyá mi, ó ti fún àwọn ọmọdé ní nǹkan. Ó ní kí n bọ́ sọ́nà, ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró dè wá. Mo jókòó lórí ẹrù tèmi.

Mo ní, "Bàbá Àkànní, ẹ máa lọ. Mi ò lọ."

Ó ní, "Kí lo wí?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣèlérí fún un. Kò tíì rí ọmọ yìí."

"Ṣé o mọ̀ pé tí mo bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè mi?"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa lọ nìyẹn."

"Kí n dá lọ? Ilé tó ṣófo yẹn? Ta ni yóò din àkàrà rẹ?"

"Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ìyàwó yín ń gbafẹ́fẹ́."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo fẹ́ kó dùn ún. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà wo Àkànní tó ń fi igi gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ àká, kò sì pè é. Ó lọ. Nígbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ sáré. Mo tún jókòó.

Ó gba ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kí n má bínú sí i. Àwọn ọmọ agbo ilé ń fi ọ̀rọ̀ Àkànní ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Yorùbá rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ Fántì, èdè àwọn ará Sẹ̀kọ́ńdì. Ó ń jà, ó ń sunkún, ó tún ń padà lọ bá wọn. Èmi náà ń bá àwọn ìyàwó ilé jà lórí omi. Mo ń rò ó pé iná àkàrà mi ti kú ní Sẹ̀kọ́ńdì, pé ẹlòmíràn ti jókòó lẹ́nu géètì. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò pe ọmọ náà, kò tẹ̀lé e. Ó kàn ń jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, ó ń ran òwú, ó sì ń gbọ́ ibi tó bá ń sáré lọ. Ojú rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan, mo rí i tó ń fọwọ́ tá kiri wá igbá omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo bojú wẹ̀yìn, mo fi ẹnu ìró nu omi ojú mi. Gbogbo ara mi ń bínú, mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí: dókítà ni o, ọkọ mi ni o, àbí èmi tí mo ní kọ́mọ má dìde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, mò ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ìyá mi ń ran òwú. Àkànní dá eré dúró. Ó ń wo bí òwú ṣe ń ti ọwọ́ ìyá mi jáde, tó ń gùn, tó ń gùn, tí kì í já. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó sì na ọrùn kó lè rí ibi tí òwú náà ti ń wá gan-an láàárín ìka rẹ̀, títí orí rẹ̀ fi dé abẹ́ àgbọ̀n ìyá mi.

Ìyá mi mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀, nítorí pé èjìká rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń ran òwú lọ, kò sì wolẹ̀.

Àkànní gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé inú ọwọ́ yín ló wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyá mi wá wolẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ọmọ. Àkànní kò figbe ta. Ó ń dúró de èsì. Ìyá mi wo iwájú orí rẹ̀, ó wo imú rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó padà sí ẹyinjú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Inú òwú ló wà. Bó o ṣe rí nù-un?"

Àkànní ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," bíi pé ìbéèrè kan lásán ni, ó sì dìde, ó sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo jáde láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú mi kún fún omi. Ìyá mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú, kò yíjú sí mi.

Ó ní, "Ìyá Àkànní, o lè máa lọ bá ọkọ ẹ báyìí."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò tíì wò ó tó."

Ó ní, "Ojú mi ló mọ èyí tó tó o."